Ẹ Má Tíì Gé Igi Náà

Ní ẹ̀ẹ̀rùn èṣí, Màmá onílé wa ní Opebi rán ọmọ kan sí mi pé kí n máa bọ̀ ní ẹ̀yìnkùlé kíákíá. Mo bá wọn lábẹ́ igi máńgòrò tí ó wà lẹ́bàá ògiri ọgbà, àwọn àti géńdé kan tí ó gbé ẹ̀rọ ìgégi lé èjìká. Wọ́n nawọ́ sí igi náà, wọ́n ní, “Tíṣà, wo igi yìí dáadáa. Ẹ̀tẹ̀ ti mú un. Bí a kò bá tètè gé e, á ran àwọn tó kù, á sì wó lu ilé lọ́jọ́ kan.”

Mo wò ó lóòótọ́. Láti nǹkan bí orúnkún ènìyàn títí dé ibi tí igi náà ti pẹ̀ka, ara rẹ̀ kún fún àbàwọ́n lóríṣiríṣi. Àwọn kan funfun bí eérú, wọ́n lẹ̀ mọ́ èèpo igi pẹ́kípẹ́kí bí ìgbà tí ògì bá dà sílẹ̀ tí ó sì gbẹ. Àwọn mìíràn ní etí wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ewé, àwọ̀ wọn sì wà láàrin àwọ̀ ewé àti àwọ̀ eérú. Ẹni tí ó bá ti rí làpálàpá lórí ọmọdé rí yóò mọ ohun tí mo ń wí: roboto ni wọ́n, etí wọn yọ ju àárín lọ, wọ́n sì dà bí ohun tí ń fẹ̀ sí i lójoojúmọ́. Èmi kò bá Màmá jiyàn pé kò burú lójú. Mo kàn bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Inú géńdé náà kò dùn, nítorí ó ti ná owó náà tán lọ́kàn. Màmá ní, “Ọ̀sẹ̀ kan péré o, Tíṣà.” Mo ní, “Ẹ ṣeun, mà.”

Ohun tí mo fi ọ̀sẹ̀ náà rí ni mo fẹ́ bá yín sọ, nítorí ó dá mi lójú pé irú igi bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n lẹ́yìnkùlé yín, àti pé àwọn kan nínú yín ti fi àdá ha á rí, tàbí kí ẹ ti da kẹrosíìnì sí i lára kí ó lè kú.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí kì í ṣe. Kì í ṣe àfòmọ́. Ní ilẹ̀ Agége, oko kòkó àti oko obì ni ó wà kí ilé-iṣẹ́ kankan tó dé. Ní 1907 ni Jacob Kehinde Coker àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ dá Ẹgbẹ́ Àwọn Olóko Agége sílẹ̀. Ọmọ ẹni tí ó bá dá irú oko bẹ́ẹ̀ mọ àfòmọ́ dájú. Ẹyẹ a jẹ èso rẹ̀, a sì yàgbẹ́ sórí ẹ̀ka igi obì. Hóró náà a hù níbẹ̀, a ti ohun kan bí gbòǹgbò bọ inú ẹ̀ka náà, a sì máa mu omi igi ẹlẹ́ni. Bí a kò bá gé e dànù, ẹ̀ka náà a rọ. Olè nìyẹn. Ṣùgbọ́n ohun tí ó wà lára máńgòrò Màmá kì í mu omi igi. Orí èèpo ìta, èyí tí ó ti kú fúnra rẹ̀, ni ó jókòó sí. Mo fi èékánná ha díẹ̀ kúrò níṣojú Màmá. Èèpo abẹ́ rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀. Kò sí egbò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò sí oje tí ń ṣàn. Ògiri lásán ni igi jẹ́ fún un. Ẹ wo ẹ̀yìn ògiri ọgbà yín, ẹ wo òrùlé àtijọ́, ẹ wo òkúta orí ibojì. Ẹ óò rí ìbátan rẹ̀ níbẹ̀. Kí ni olè yóò rí mu lára òkúta?

Láíkìn ni àwọn òyìnbó ń pè é, èmi náà yóò sì máa pè é bẹ́ẹ̀. Irú rẹ̀ tí a ti mọ̀ káàkiri ayé tó nǹkan bí 20,000. Pépà lítímọ́ọ̀sì tí ẹ rì bọ omi ọsàn wẹ́wẹ́ nígbà tí ẹ wà ní ilé-ìwé, tí ó sì pọ́n lójú yín, ara láíkìn ni a ti ń fa aró rẹ̀ láti ayébáyé. Ṣùgbọ́n ohun tí ó yani lẹ́nu jù nípa rẹ̀ ni pé kì í ṣe ẹ̀dá kan. Ẹ̀dá méjì ni, ó kéré tán, tí wọ́n ń gbé inú ilé kan.

Èkíní jẹ́ ẹbí olú. Olú kò lè se oúnjẹ fún ara rẹ̀. Ewé igi a máa fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn, omi àti afẹ́fẹ́ ṣe oúnjẹ. Olú kò ní irú ìdáná bẹ́ẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí ó fi jẹ́ pé orí igi jíjẹrà, orí ààtàn, tàbí ara búrẹ́dì tí a gbàgbé sínú apẹ̀rẹ̀ ni a ti ń bá a àti àwọn ìbátan rẹ̀. Èkejì ni ohun aláwọ̀ ewé kéékèèké tí í máa mú kí ìdí àmù tí a kò fọ̀ yọ̀. Ẹ jẹ́ kí a máa pè é ní ewédò. Ewédò mọ oúnjẹ sè, ṣùgbọ́n kò ní ilé. Bí oòrùn bá ká a mọ́ orí òkúta gbígbẹ, ojú rẹ̀ a rí màbo. Nígbà tí àwọn méjèèjì bá pàdé, olú a mọ ilé yí ewédò ká, a gba omi òjò àti ìrì pa mọ́ fún un. Ewédò a wà nínú yàrá, a máa se oúnjẹ, olú a sì máa jẹ nínú rẹ̀. Àwọn kan ń fi wọ́n wé tọkọtaya. Èmi kò fara mọ́ ọn. Ó jọ onílé àti ayálégbé tí ń fi oúnjẹ san owó ilé, nítorí bí a bá wò ó dáadáa, olú ni ó ń jẹ èrè jù, kò sì rọrùn fún ayálégbé náà láti kó jáde. Màmá rẹ́rìn-ín gan-an nígbà tí mo sọ èyí fún wọn, wọ́n sì rán mi létí pé oṣù ti ń parí lọ.

Ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan, Simon Schwendener, ni ó dìde ní 1867 tí ó sọ fún àwọn amòye ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀dá méjì ni láíkìn. Ọ̀rọ̀ náà kò dùn mọ́ wọn. Àwọn ènìyàn tí wọ́n ti fi ọ̀pọ̀ ọdún kó láíkìn jọ, tí wọ́n sì ti fún wọn lórúkọ lọ́kọ̀ọ̀kan bí a ti ń sọ ọmọ lórúkọ, kò fẹ́ gbọ́ pé ohun tí àwọn ń pè ní ọmọ kan, ìbejì ni, tí wọn kò sì jọ jáde láti inú ìyá kan náà. Lára àwọn tí wọ́n takò ó jù ni William Nylander, ọmọ ilẹ̀ Finland tí ó ń gbé ní Páríìsì. Ọ̀rọ̀ Schwendener ni ó borí nígbẹ̀yìn. Ẹ fi orúkọ Nylander yìí sọ́kàn ṣá o, nítorí a óò padà sí i. Ọkùnrin tí ó ṣìnà níhìn-ín ni ó là wá lójú nípa ohun tí ó kan èémí imú wa.

Lọ́jọ́ kejì, mo kó díẹ̀ nínú àwọn ọmọ kíláàsì mi wá sí ẹ̀yìnkùlé náà, mo sì fún wọn ní awò tí ń sọ ohun kékeré di ńlá. Ẹ má bi mí bí ariwo wọn ti pọ̀ tó. Lára igi fúrúùtù tí ó wà níwájú ilé, wọ́n rí láíkìn funfun kan tí àwọn ìlà dúdú tín-ín-rín wọ́ kọ́rọkọ̀rọ lára rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹni pé ọmọ kéú fi tàdáwà kọ̀wé sára wálàá. Ọ̀kan nínú wọn, tí ó ń lọ sí ilé-kéú ní Agége, dúró tì í, ó sì gbìyànjú láti kà á ní tòótọ́. N kò fi ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn òyìnbó náà rí i bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fún un ní orúkọ kan, Graphis, èyí tí ó wá láti inú ọ̀rọ̀ Gíríìkì tí ó jẹ mọ́ ìwé kíkọ. Ilẹ̀ olóoru bíi tiwa ni ìdílé rẹ̀ ti pọ̀ jù. Àwọn ìlà dúdú náà ni ẹnu ọ̀nà tí ohun bí hóró rẹ̀ ń gbà jáde tí afẹ́fẹ́ sì ń gbé e lọ.

Èyí tí èmi fúnra mi ń wá ni aláwọ̀ ìbẹ́pẹ pípọ́n, nítorí òun ni mo kọ́kọ́ rí àwòrán rẹ̀ nígbà tí mo wà ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́. Èyí tí ó lókìkí jù nínú wọn wà ní ọ̀nà jíjìn. Ní òkè àríwá ayé, ní Greenland àti ní ìhà òkè Kánádà, níbi tí igi ńlá kì í hù, tí omi sì ń le bí òkúta fún ọ̀pọ̀ oṣù, láíkìn kan wà tí ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú lórí àpáta bí ẹni pé wọ́n ta epo sí i. Xanthoria elegans ni wọ́n ń pè é tẹ́lẹ̀. Rusavskia elegans ni ó wà nínú ọ̀pọ̀ ìwé tuntun. Ó lẹ̀ mọ́ òkúta tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀bẹ lásán kò lè yọ ọ́ láìfọ́. Ó fẹ́ràn òkúta tí ẹyẹ ń bà lé, nítorí ìgbẹ́ ẹyẹ jẹ́ ajílẹ̀ fún un. Kì í kánjú. Ní nǹkan bí 100 ọdún àkọ́kọ́, ìdajì mìlímítà ni ó ń fi kún ara rẹ̀ lọ́dún kan; lẹ́yìn náà, ó tún falẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Èyí tí ó bá fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ ti lè wà láyé kí a tó bí bàbá bàbá wa.

Ọlọ́gbọ́n kan rí i pé aago nìyẹn. Roland Beschel, ọmọ ilẹ̀ Austria, bẹ̀rẹ̀ sí í wọn láíkìn ara òkúta ibojì, nítorí ọdún tí a gbé òkúta náà kalẹ̀ wà lára rẹ̀. Nígbà tí ó mọ bí láíkìn ti ń dàgbà tó, ó wọn àwọn tí ó wà lórí òkúta tí òkìtì yìnyín ńlá gbé sílẹ̀ nígbà tí ó ń fà sẹ́yìn, ó sì fi mọ ìgbà tí yìnyín náà kúrò níbẹ̀. Ní 1950 ni ó kọ́kọ́ tẹ ọ̀rọ̀ náà jáde, àwọn amòye sì ń lo ọ̀nà náà títí di òní.

Kí ni ó fún un ní àwọ̀ yẹn? Aró kan ni, tí olú ń pò sí orí òrùlé ilé náà láti fi ṣíji bo ewédò, kí oòrùn má baà jó o. Bí irú láíkìn bẹ́ẹ̀ bá wà ní ibòji, a máa ṣì; bí ó bá wà ní gbangba oòrùn, a pọ́n gan-an. Ààbò yìí lágbára ju bí a ti rò lọ. Ní 2005, wọ́n gbé láíkìn pupa yìí àti òmíràn lọ sí gbalasa òfuurufú, níbi tí kò sí afẹ́fẹ́ rárá, wọ́n sì ṣí i sílẹ̀ níbẹ̀ fún nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tí wọ́n gbé e padà wá sílé tí wọ́n sì fún un lómi, ó ń mí, ó ń se oúnjẹ rẹ̀ lọ. Láàrin 2008 àti 2009, wọ́n tún gbé e lọ, ó sì lo oṣù méjìdínlógún lára ilé-iṣẹ́ tí àwọn orílẹ̀-èdè jọ kọ́ sí òfuurufú. Kò kú síbẹ̀.

Ẹ wá fi èyí sọ́kàn: ohun tí òtútù àríwá kò pa, tí òfuurufú kò pa, irú rẹ̀ ń kú ní àárín ìlú nítorí èéfín. Ibẹ̀ ni mo ń lọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí mo rí lára ògiri Màmá.

Lẹ́yìn ilé, ní ibi tí oòrùn kì í dé, tí táńkì omi sì ń kún dà sílẹ̀, ògiri náà pọ́n láti òkè dé ilẹ̀. Màmá ní ìpẹtà táńkì ni. Mo fi ìka nù ún. Ó kúnná bí ìyẹ̀fun, ó sì pọ́n mọ́ mi lọ́wọ́. Ìpẹtà kọ́, kì í sì í ṣe láíkìn àríwá. Ewédò ni, ṣùgbọ́n ewédò tí kò jọ ewé. Trentepohlia ni orúkọ rẹ̀. Ìdílé àwọn aláwọ̀ ewé ni ó ti wá, ṣùgbọ́n aró pupa bò ó mọ́lẹ̀, aró náà sì jẹ́ ìbátan èyí tí ó mú kí epo pupa wa pọ́n. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn láíkìn pẹlẹbẹ ilẹ̀ olóoru, títí kan ìdílé oníwèé-wálàá nì, ewédò pupa yìí ni ayálégbé wọn. Bí ẹ bá fi èékánná rọra ha irú wọn, ẹ óò rí i pé òkè rẹ̀ rí bí eérú, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ a pọ́n rúsúrúsú. Nítorí náà a kò ṣaláìní tiwa. Inú ilé ni tiwa wà. Dúdú tí ó wọ́ wálẹ̀ lára àwọn àpáta ńlá ilẹ̀ wa náà, tí ẹ lè máa rò pé ìdọ̀tí òjò ni, ohun abẹ̀mí ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀: ìbátan ewédò tí ó dúdú, àti láíkìn tí ó gbà á sílé.

Ní báyìí, bí láíkìn kò bá mu omi igi, tí kò sì mu omi òkúta, kí ni ó ń jẹ? Ohun tí afẹ́fẹ́ bá gbé wá ni. Kò ní gbòǹgbò. Òjò, ìrì àti eruku ni gbogbo ara rẹ̀ fi ń gba ohun tí ó nílò. Ewé máńgòrò ní ohun bí ìda tí ó fi bo ara, ìdí nìyẹn tí í fi í dán. Ó ní ilẹ̀kùn tí ó lè tì. Bí ó bá sì gbó, a já sílẹ̀ kí òmíràn jáde. Láíkìn kò ní ìda, kò ní ilẹ̀kùn, kì í sì í wọ́wé. Ohun tí ó bá wọ inú rẹ̀ lónìí lè wà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Imí-ọjọ́, èyí tí ẹ mọ̀ dáadáa nínú ọṣẹ èékú, wà nínú èédú àti nínú díísù. Bí wọ́n bá jóná, ó di afẹ́fẹ́ kíkan tí í bá òjò wọ inú láíkìn. Ewédò ni ó kọ́kọ́ ń bà jẹ́: àwọ̀ ewé inú rẹ̀ a ṣì, ìdáná a kú, ebi a sì pa onílé.

Nylander ni ó kọ́kọ́ kígbe rẹ̀ kí ayé gbọ́. Ní 1866, ó kọ̀wé pé láíkìn tí ó wà lára àwọn igi ọgbà Luxembourg ní Páríìsì pọ̀ ju ti ibòmíràn nínú ìlú náà lọ, ó sì ní ara wọn ni a ti lè mọ bí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti dára tó. Èéfín ìlú ń pọ̀ sí i. Ní 1896, ó sọ pé wọ́n ti tán nínú ọgbà náà. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, David Hawksworth àti Francis Rose ṣe òṣùwọ̀n kan jáde ní 1970: ẹni tí ó bá dá irú láíkìn ara igi mọ̀ lè fojú díwọ̀n imí-ọjọ́ tí ó wà nínú afẹ́fẹ́ àdúgbò náà láìní ẹ̀rọ kankan lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n dín èédú jíjó kù, láíkìn bẹ̀rẹ̀ sí í padà sí Lọ́ńdọ̀nù. Àwọn kan tí ó pọ́n sì wà lára àwọn tí ó pọ̀ sí i jù, nítorí wọ́n fẹ́ràn irú ajílẹ̀ tí èéfín mọ́tò àti ìgbẹ́ ẹran ń fi sínú afẹ́fẹ́. Ẹ kíyè sí ìyẹn. Kì í ṣe gbogbo láíkìn ni ẹlẹ́rìí rere. Òmíràn wà tí ìdọ̀tí díẹ̀ dùn mọ́.

Ọ̀ràn kan tún wà tí ó bani nínú jẹ́. Ní 1986, ilé-iṣẹ́ iná átọ́míìkì bú gbàù ní Chernobyl, ní ilẹ̀ Ukraine. Eruku olóró bá afẹ́fẹ́ lọ títí dé Norway àti Sweden, láíkìn sì gbà á mọ́ra bí ó ti ń gba gbogbo ohun mìíràn. Láíkìn ni oúnjẹ àwọn àgbọ̀nrín ilẹ̀ yìnyín nígbà òtútù. Ẹran náà di èyí tí kò ṣeé jẹ, ọ̀pọ̀lọpọ̀ rẹ̀ ni wọ́n sì dà nù, bẹ́ẹ̀ ẹran yìí ni àwọn ará Sámì ibẹ̀ gbójú lé.

Lọ́dọ̀ wa pẹ̀lú, ọ̀nà yìí kò ṣàjèjì. Ní 1986 àti 1987, P. C. Onianwa àti S. O. Ajayi ti Yunifásítì Ìbàdàn tẹ iṣẹ́ jáde lórí òjé àti àwọn irin mìíràn tí wọ́n bá nínú ewé tútù wẹ́wẹ́ tí í hù bí ìrun sára igi àti ògiri ní ìhà Ìwọ̀-Oòrùn Gúúsù orílẹ̀-èdè wa. Òun náà kò ní gbòǹgbò gidi. Ohun tí afẹ́fẹ́ bá gbé wá ni ó ń gbà. Nígbà náà, òjé ṣì wà nínú bẹntiróòlù. Ìbẹ̀rẹ̀ 2006 ni gbogbo ilẹ̀ Áfíríkà tí ó wà ní gúúsù Sàhárà jáwọ́ nínú rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ mọ àdúgbò wa mọ̀ pé afẹ́fẹ́ ibẹ̀ ti rí nǹkan. Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ni ó dá àgbègbè ilé-iṣẹ́ Ìkẹjà sílẹ̀ láàrin 1950 sí 1960, kí a tó dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Díẹ̀ nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńlá ìgbà náà ti kógbá sílé. Ṣùgbọ́n Opebi tí ó jẹ́ ilé gbígbé ti di ilé ìtajà, ilé ìfowópamọ́ àti hòtẹ́ẹ̀lì, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn sì ní jẹnẹrétọ̀ tirẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo gé ihò onígun mẹ́rin sí àárín páálí kan, mo ní kí àwọn ọmọ gbé e lé ara máńgòrò náà ní gíga àyà àgbàlagbà, ní ìhà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n sì ka láíkìn tí ó bá hàn nínú ihò náà. Ní ìhà tí ó kọjú sí ilé, ọmọ tí ń kà á kà títí ó fi sú u. Ní ìhà tí ó kọjú sí ògiri ọgbà, kò rí ju méjì lọ, àwọn méjèèjì sì ti ń ṣì. Èèpo igi lásán ni ó kù níbẹ̀, ó dúdú bí ìdí ìkòkò.

N kò fẹ́ sáré dájọ́. Bóyá oòrùn ọ̀sán ni ó ń jó ìhà yẹn. Mo ní kí wọ́n lọ gbé páálí náà lé igi fúrúùtù iwájú ilé, ní ìhà kan náà gan-an, níbi tí oòrùn kan náà ń ràn sí. Ó kún fọ́fọ́. Ìgbà náà ni ọ̀kan nínú wọn gun àpótí, ó yọjú lórí ògiri, ó ní, “Sà, ẹ wá wo nǹkan.” Jẹnẹrétọ̀ ilé ìtajà kan ni ó wà ní òdì kejì, páìpù èéfín rẹ̀ sì ga díẹ̀ ju ògiri lọ, ó kọjú sí máńgòrò wa tààrà. Mo yí padà láti wo ohun tí ó wà lẹ́yìn máńgòrò náà. Fèrèsé yàrá tí ọmọ-ọmọ Màmá ń sùn sí ni. Ọmọ náà ti ń wúkọ́ láti ìgbà ọyẹ́, gbogbo wa sì ti ń sọ pé eruku ọyẹ́ ni.

Èmi kì í ṣe dókítà, n kò sì sọ pé láíkìn lè sọ ohun tí ń ṣe ọmọ. Ṣùgbọ́n èéfín jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe ohun eré. Afẹ́fẹ́ kan wà nínú rẹ̀ tí kò ní òórùn, tí kò ní àwọ̀, tí ó ti pa ìdílé mọ́ ojú oorun ní orílẹ̀-èdè yìí. Mo pe Màmá, mo fi ìhà méjèèjì igi náà hàn wọ́n, mo sì nawọ́ sí páìpù náà àti sí fèrèsé. Wọn kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, “Tíṣà, nígbà náà, ìhà tó mọ́ yìí ni ìhà tó ń ṣàìsàn.” Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Èmi ni mo kọ́kọ́ lọ bá ọ̀gá ilé ìtajà náà pẹ̀lú ìwé tí àwọn ọmọ kọ. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò mọ̀ pé èépá ara igi ni ó ń ṣòfin ní Opebi báyìí. Màmá ni ó lọ lẹ́ẹ̀kejì, wọ́n gbé ọmọ náà dání, wọn kò sì mú ìwé kankan lọ. Kí ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e tó parí, wọ́n ti gbé jẹnẹrétọ̀ náà lọ sí ìhà ọ̀nà, wọ́n sì ti fa páìpù rẹ̀ ga kọjá òrùlé. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn ni yóò máa fa díẹ̀ nínú èéfín náà símú báyìí. N kò tíì rí ojútùú ìyẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ wo tiyín, ẹ wá igi méjì tí ó jẹ́ irú kan náà, tí ọjọ́ orí wọn kò jìnnà síra, kí ọ̀kan súnmọ́ ibi èéfín, kí èkejì jìnnà sí i. Ìhà kan náà ni kí ẹ wò lára àwọn méjèèjì, kí òjò àti oòrùn má baà tàn yín jẹ. Ẹ má wo ìdí igi, nítorí ẹrẹ̀ àti ìtọ̀ ajá ń ba ibẹ̀ jẹ́. Ẹ má sì ha á kúrò. Ohun tí ó gba ọdún mẹ́wàá láti tẹ́, ìṣẹ́jú kan ni èékánná fi ń pa á run.

Máńgòrò náà ṣì wà. Ó so lọ́dún yìí, a sì jẹ nínú rẹ̀. Àwọn ọmọ fi ọ̀dà funfun yí àwọn láíkìn méjì ìhà ògiri náà ká, wọ́n sì ń wá fi rúlà wọ̀n wọ́n ní ìparí sáà kọ̀ọ̀kan. Títí di báyìí, kò sí èyí tí ó fi ohunkóhun kún ara rẹ̀ tí rúlà lè rí. Màmá ti ṣí fèrèsé yàrá náà. Géńdé onígi sì ń kọjá lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, a kí wa, a sì béèrè bí ara igi náà ti ń ṣe.